Èló ni gbèsè tí oyè biochemistry lè gbé?

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ọmọ tó bá fẹ́ ka biochemistry, ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà inú ara ohun abẹ̀mí, ní Amẹ́ríkà níbí, gbèsè tí owó òṣìṣẹ́ láàbù lè san ni kó jẹ. Kó má jẹ gbèsè dókítà nígbà tí kò tíì di dókítà. Láti oṣù kejì ni mo ti ń bá bọ̀ọ̀dá mi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú wọn. Ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá wọ́n á kà á lọ́jọ́ tí mi ò bá sí nítòsí tí wọ́n á fi rí mi bá jiyàn.

Àkọ́bí wọn obìnrin lọ̀rọ̀ kàn. Ilé ìwé méjì ló gbà á wọlé. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ wa, Maryland. Èkejì jẹ́ ti aládàáni, orúkọ rẹ̀ sì dún débi pé bọ̀ọ̀dá mi ti ra fìlà rẹ̀, wọ́n ń dé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí a bá yọ owó ẹ̀bùn tí ẹnikẹ́ni ò ní dá padà kúrò, ti ìpínlẹ̀ yóò gba 14,000 dọ́là lọ́dún, oúnjẹ àti ibùsùn wà nínú rẹ̀. Ti aládàáni yóò gba 31,000. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn 56,000 níhìn-ín, 124,000 lọ́hùn-ún. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ èyí tí wọ́n mú.

Lẹ́tà tí ilé ìwé aládàáni yẹn fi ránṣẹ́ gba kí èèyàn fi ojú sùnnùkùn wò ó. Òpó kan ṣoṣo ni wọ́n to gbogbo nǹkan sí, wọ́n kọ ọ́ sókè pé owó ìrànwọ́ rẹ nìyí. Ẹ̀bùn ilé ìwé wà lókè, 3,500 tẹ̀lé e, 2,000 tẹ̀lé ìyẹn, wọ́n wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi fi ìka tẹ àpapọ̀ náà, wọ́n ní, “Ṣé o rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ ọmọ yìí tó?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà níwájú 3,500 yẹn.” “Sub” ló wà níwájú ọ̀kan, “Unsub” níwájú èkejì. Gbèsè ni àwọn méjèèjì. 5,500 tí ìjọba àpapọ̀ máa ń yá ọmọ ọdún kìíní ni wọ́n là sí méjì, tí wọ́n sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bùn bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kò sí irọ́ kankan nínú lẹ́tà náà o. Àmọ́ ẹni tó tò ó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ò tíì kàn, báyìí ni yíyá owó ìjọba ṣe rí fún ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí: 5,500 ní ọdún kìíní, 6,500 ní ọdún kejì, 7,500 ní ọdún kẹta, 7,500 ní ọdún kẹrin. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27,000. Ọmọ ló ń fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò ní dúró fún un. Èyí tí wọ́n pè ní Sub, ìjọba ló ń san èlé orí rẹ̀ títí ọmọ á fi jáde, àmọ́ ilé tí wọ́n bá rí i pé owó ò tó lọ́wọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń fún. Unsub kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí owó bá ti wọ ilé ìwé ni èlé ti ń gorí rẹ̀, bí ọmọ ṣe ń sùn tó sì ń jí. Èlé ti àwọn tó yá owó ní 2025 sí 2026 jẹ́ 6.39 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti fi 6.5 ṣírò kó lè rọrùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí ni pé 10,000 kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá máa fi ọdún mẹ́wàá san án, yóò máa mú bíi 114 dọ́là lóṣù. 27,000 yóò mú bíi 307. Àròpọ̀ ohun tí ọmọ máa san jẹ́ bíi 36,800.

Nǹkan kan tún ti yí padà. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù keje 2025 ti sọ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yáwó láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2026, ètò méjì péré ni yóò wà fún un láti fi san án. Nínú ètò kìíní, iye gbèsè ló ń sọ iye ọdún. Tí kò bá tó 25,000, ọdún mẹ́wàá ni. Tó bá ti dé 25,000 àmọ́ tí kò tó 50,000, ó di ọdún 15. Ẹ ò rí i pé 27,000 ti ré ààlà kọjá díẹ̀. Owó oṣooṣù á wálẹ̀ sí bíi 235, èèyàn á mí kanlẹ̀, àmọ́ àròpọ̀ á kọjá 42,000. Kò sí ìtanràn fún ẹni tó bá fẹ́ tètè san tán, nítorí náà mo ti sọ fún ọmọ náà pé kó má gbà kí ọdún 15 tàn án. Ètò kejì ni wọ́n ń pè ní Repayment Assistance Plan, owó tí èèyàn ń gbà ni wọ́n fi ń wọn iye tó máa san. Ẹni tó ń gba láàárín 40,000 sí 50,000 lọ́dún á san ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ń gba 45,000, ìyẹn jẹ́ 150 lóṣù.

Ó dáa. Èló wá ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè biochemistry ń gbà?

Inú láàbù ni mo ti ń jẹun. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ni, lójú ọ̀nà I-270, ẹ̀ka tó ń yẹ oògùn wò kí wọ́n tó kó o síta ni mo wà, mo sì máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ tuntun lẹ́nu wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í kọ́kọ́ di òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ló máa ń gbà wọ́n tí á sì rán wọn sí wa fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. 22 dọ́là ní wákàtí kan ni èyí tó wọlé kẹ́yìn ń gbà. Tó bá ṣiṣẹ́ yípo ọdún, 45,760 nìyẹn. Tí owó orí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti Social Security bá ti kúrò, bíi 3,000 ló ń wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣù, wọn ò sì tíì yọ owó ìlera. Ó ń san 1,000 fún yàrá kan nínú ilé tí òun àti àwọn méjì mìíràn jọ ń gbé. Mọ́tò ńkọ́? Kò sí bọ́ọ̀sì tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní aago mẹ́fà ìdájí. Nítorí náà 307 lóṣù á dùn ún, àmọ́ kò ní pa á. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 800, ọmọ yẹn á padà sílé ìyá rẹ̀.

BLS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ka owó àwọn òṣìṣẹ́, fi owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ biological technician, ìyẹn òṣìṣẹ́ láàbù, sí nǹkan bíi 50,000 lọ́dún ní àárín. Àwọn tí wọ́n ń pè ní biochemist gan-an kọjá 100,000. Bọ̀ọ̀dá mi ti ka ìlà kejì yẹn sétí mi láìmọye ìgbà. Ohun tí wọn kì í kà ni ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó sọ pé PhD ni wọ́n fi ń wọ iṣẹ́ náà.

Ọmọ náà ní tirẹ̀ ti lọ sórí College Scorecard, ìkànnì tó ń fi gbèsè àti owó iṣẹ́ àwọn tó jáde nílé ìwé hàn, tí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2015, tí wọ́n sì ti fi iye tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé kún ní 2019. Ó fi fóònù hàn mí, ó ní, “Àǹtí, ẹ wò ó, àwọn tó ka nọ́ọ̀sì ń gbà jù wá lọ fíìfíì. Gbèsè ilé ìwé méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí wá ni ẹ̀yin àti Dádì ń jà lé lórí?”

Inú mi dùn pé ó béèrè, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo jókòó tì í, mo sì ṣàlàyé ẹni tí wọ́n kà àti ẹni tí wọn ò kà.

Owó tí wọ́n kọ síbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wọn ò sì sí nílé ìwé mọ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, nínú àwọn tó gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà tí wọ́n ń kàwé. Nọ́ọ̀sì jáde lónìí, ó dé ilé ìwòsàn lọ́la, wọ́n kà á. Ọmọ biochemistry ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ sí ilé ìwé ìṣègùn, ti eyín, ti oògùn, tàbí PhD. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́dún tí wọ́n ń ka orí, wọn ò kà á rárá. Nọ́ńbà tó kù sílẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó lọ síṣẹ́ tààrà, àti ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàbù fún ọdún kan tàbí méjì kí wọ́n tó tún béèrè fún ìgbàwọlé. Owó wọn kéré lóòótọ́. Ẹni tó bá sọ pé biochemistry ò dáa nítorí nọ́ńbà yẹn ti ṣi í kà. Ẹni tó bá sì sọ pé nọ́ńbà náà ò já mọ́ nǹkan kan, torí pé ọmọ tòun á di dókítà, òun náà ti ṣi í kà. Ohun tó ń sọ ni pé: tí gbogbo ọ̀nà yòókù bá dí, iye tí wàá máa gbà nìyí. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé òun ni kí wọ́n fi wọn gbèsè.

Ti gbèsè tó dọ́gba wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà gbèsè tí wọ́n kọ síwájú yẹn, owó ìjọba tí ọmọ fúnra rẹ̀ yá nìkan ni. Ti báńkì ò sí nínú rẹ̀. Èyí tí òbí yá wà lọ́tọ̀. Ẹni tí kò yáwó rárá, wọn ò fi kún un. Níwọ̀n ìgbà tí òfin sì ti sọ pé 27,000 lọmọ lè yá ní ọdún mẹ́rin, báwo ni ilé ìwé olówó gegere ṣe máa fi ju ti ìpínlẹ̀ lọ? Òrùlé kan náà ló bo àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ 68,000 tó wà láàárín wọn kò pòórá, ó kàn bọ́ sórí ẹlòmíràn ni.

Ẹlòmíràn yẹn ni bọ̀ọ̀dá mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ọdún kìíní. 31,000, ọmọ yá 5,500, ó ku 25,500. Parent PLUS, owó tí ìjọba ń yá òbí, ti ní ààlà báyìí fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti oṣù keje 2026: 20,000 lọ́dún lórí ọmọ kan, 65,000 lápapọ̀. Tí wọ́n bá yá 20,000, 5,500 ṣì kù nílẹ̀. Báńkì ló kù, báńkì á sì ní kí wọ́n wá onígbọ̀wọ́. Tí ọdún mẹ́rin bá fi máa pé, 27,000 ti ọmọ àti 65,000 ti bàbá, 32,000 ṣì ń wá ẹni tó máa gbé e.

65,000 yẹn nìkan, èlé Parent PLUS sún mọ́ 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Lábẹ́ òfin tuntun, iye yẹn bọ́ sí ètò ọdún 20. Bíi 585 lóṣù ni, àròpọ̀ rẹ̀ á kọjá 140,000, wọn ò sì gbà kí òbí lo ètò kejì tó ń wo owó oṣù. Bọ̀ọ̀dá mi ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo bi wọ́n pé, “Ṣé iṣẹ́ ni ẹ máa máa ṣe nígbà tí ẹ bá pé ọmọ ọdún 74?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi á san án. Dókítà ló máa jẹ́.” Ìyàwó wọn tó ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ò gbójú sókè, wọ́n kàn ní, “Dádì, orúkọ tiyín ló wà nínú ìwé náà.” Kí Ọlọ́run bá mi san án fún ìyàwó wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti dókítà náà, torí òun ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Biochemistry dáa fún ọ̀nà yẹn, mi ò jiyàn. Láti 2015 ni ó ti wà nínú MCAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé ìwé ìṣègùn. Àmọ́ lọ́dọọdún, àwọn tó wọlé sí ilé ìwé ìṣègùn kò tó ìdajì àwọn tó béèrè. Ẹni tó bá sì wọlé, gbèsè mìíràn ló ń lọ jẹ. Grad PLUS, owó tí ìjọba ń yá ẹni tó ń kàwé lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, tí wọ́n máa ń gbójú lé, ti dópin fún ẹni tuntun láti oṣù keje 2026. Ààlà ti oníṣègùn ti di 50,000 lọ́dún, 200,000 lápapọ̀. Èyí tó bá lé sórí rẹ̀, ọwọ́ báńkì ni, báńkì á sì wo gbèsè tó wà lọ́rùn ìdílé tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ di dókítà gan-an ló yẹ kó ṣọ́ owó ná jù ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ yìí. Èyí ni bọ̀ọ̀dá mi kì í fẹ́ gbọ́.

PhD tún yàtọ̀. Nínú biochemistry, ilé ìwé kì í sábà gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe PhD, wọ́n tún máa ń fún un ní owó díẹ̀ láti fi jẹun. Kò ní jẹ gbèsè tuntun, wọ́n á sì jẹ́ kó dá sísan ti àtijọ́ dúró. Àmọ́ Unsub tó ti yá ṣì ń gba èlé ní gbogbo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà yẹn. Àyè ibẹ̀ náà ò sì gbòòrò bíi ti tẹ́lẹ̀: nígbà tí owó ìwádìí ìjọba àpapọ̀ mì ní 2025, àwọn ilé ìwé kan dín iye tí wọ́n ń gbà kù.

Ọ̀nà kan tún wà tí kì í gbajúmọ̀ láàárín wa, bóyá torí pé kò sí “Dókítà” níwájú orúkọ. Ẹni tó ní oyè biochemistry lè fi nǹkan bí ọdún kan kún un, kó ṣe ìdánwò ASCP, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ láàbù ilé ìwòsàn ní ìwé ẹ̀rí, kó di ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Owó ibẹ̀ kọjá 60,000 ní àárín. Mo sọ ọ́ fún ọmọ náà, ó kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún bàbá rẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí kí ló ń gbé owó àkọ́kọ́ yẹn sókè, mi ò ní sọ pé orúkọ ilé ìwé. Tí ọmọ bá jókòó síwájú wa, ohun tí ọ̀gá mi máa ń kọ́kọ́ bi í ni, “Ìgbà wo lo lo HPLC kẹ́yìn, kí ló sì bàjẹ́?” HPLC ni ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwọn ohun tó wà nínú oògùn sọ́tọ̀ kí a lè wọn wọ́n. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn án á máa ka ìwé fún wa. Ẹni tó ti lò ó á rẹ́rìn-ín, á ní atẹ́gùn wọ inú pọ́ǹpù, ìlà tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ń fò sókè sódò, òun sì fi odindi ọ̀sán wá ibi tó ti wọlé. Ẹ fún un níṣẹ́. A tún máa ń wo bó ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nínú ìwé iṣẹ́ wa, tí o bá ṣi nọ́ńbà kọ, o ò gbọdọ̀ kùn ún, o ò gbọdọ̀ fi ohun funfun pa á. Ìlà kan ṣoṣo ni wàá fà gba àárín rẹ̀ kí ohun tó wà lábẹ́ ṣì ṣeé kà, wàá kọ èyí tó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàá fi lẹ́tà orúkọ rẹ àti déètì sí i. Ọmọ tó ti ṣe ìwádìí pẹ̀lú olùkọ́ fún ọdún méjì ń ṣe é láìronú. Irú àyè bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé ìwé ìpínlẹ̀, NIH, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba àpapọ̀, náà sì wà ní Bethesda níbí, wọ́n máa ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún ọdún kan tàbí méjì, wọ́n sì ń fún wọn lówó.

Ẹ tún má gbàgbé pé láàbù organic chemistry máa ń jẹ odindi ọ̀sán. Ọmọ tó bá gbèrò pé òun á máa ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù láti dín gbèsè kù, kó kọ́kọ́ wo tìmútébù rẹ̀. Iṣẹ́ inú láàbù ilé ìwé tí wọ́n ń sanwó fún ló dáa jù, ó ń mú owó àti ìrírí wá pọ̀.

Ní ti ìpínlẹ̀, 14,000 yọ 5,500, ó ku 8,500. Bíi 708 lóṣù ni. Bọ̀ọ̀dá mi àti ìyàwó wọn lè gbé e láìyá kọ́bọ̀, mo mọ ohun tó ń wọlé fún wọn. Èmi náà ti ní kí wọ́n fi 100 lóṣù sórí mi. 27,000 ni ọmọ á fi jáde, tó bá yá gbogbo rẹ̀, kò sì sí gbèsè kankan lọ́rùn àwọn àgbà.

Ọmọ náà ti kọ̀wé sí ẹ̀ka biochemistry ilé ìwé méjèèjì. Ó bi wọ́n pé nínú àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, mélòó ló lọ síṣẹ́, irú iṣẹ́ wo, mélòó ló lọ sí ilé ìwé ìṣègùn, ọdún kelòó sì ni ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nínú láàbù. Ti ìpínlẹ̀ ti fèsì, wọ́n so àkọsílẹ̀ gígùn kan mọ́ ọn. Àwọn ti èkejì ní kó forúkọ sílẹ̀ láti wá wo ọgbà. Bọ̀ọ̀dá mi ti forúkọ gbogbo wa sílẹ̀ fún Sátidé tó ń bọ̀, èmi náà ń lọ. Ọ́fíìsì owó wọn ni mo fẹ́ yà, kí n bi wọ́n bóyá ẹ̀bùn tó wà lókè òpó yẹn jẹ́ ti ọdún mẹ́rin tàbí ti ọdún kìíní nìkan, torí àwọn ilé ìwé kan máa ń fún ọmọ tuntun ní púpọ̀, wọ́n á sì dín in kù tó bá ti jókòó tán. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọdún mẹ́rin ni, 31,000 la ṣì ń bá jà. Tí wọn ò bá lè kọ ọ́, a ò tíì mọ iye tí ilé ìwé yẹn jẹ́ rárá, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún sì ń bọ̀.